Kí Ẹ Tó Di Ẹrù: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Gbígbé ní Ẹ̀yìn Òṣogbo Wé Kíkó Lọ sí Ìpínlẹ̀ Mìíràn

Owó oṣù ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe ìpinnu yìí. Wọ́n á ní, "Níbí, ₦180,000 ló ń wọlé; l'Ékòó, ₦300,000 ni wọ́n fẹ́ san." Wọ́n á yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, wọ́n á rí ₦120,000, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ akẹ́rù. Ìṣirò yẹn kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Ohun tó yẹ kí ẹ fi wéra ni iye tó ń ṣẹ́ kù lápò lẹ́yìn tí ilé, ọkọ̀, oúnjẹ, iná, omi àti ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ bá ti gba tiwọn, àti iye wákàtí tó ń bá ojú ọ̀nà lọ. Àwọn nǹkan tí Òṣogbo ń ṣe fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ náà wà níbẹ̀, torí pé tí ẹ bá débòmíràn, owó lẹ ó máa fi rà wọ́n.

Ẹni tó ń gbé ní Òkinni, Ọ̀fàtẹ̀dó, Ìdó-Ọ̀ṣun, Kélébé tàbí Owódé Ẹdẹ, tàbí tó fẹ́ yálé síbẹ̀, tí iṣẹ́ sì ń pè é láti Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Ìlọrin, ni a ń bá sọ̀rọ̀. Gbogbo iye owó tí a bá fi "ká ní" ṣáájú, àpẹẹrẹ ni. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ fi tiyín síbẹ̀.

Oṣù kan gbáko, ìwé àkọsílẹ̀ kan

Ọ̀sẹ̀ kan kò tó, torí pé ìrẹsì, gáàsì àti owó iná lè má bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ yẹn rárá. Ohunkóhun tó bá jáde lápò, títí kan owó ọ̀kadà àti búrẹ́dì àárọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lálaalẹ́. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ ó ti gbàgbé ìdajì.

Ohun tí ẹ ń san lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ pín in sí méjìlá: owó ilé, aṣọ ọdún, ẹran Iléyá tàbí ìnáwó Kérésì. Ní ti owó ilé-ẹ̀kọ́, ẹ sọ iye táàmù kan di ìlọ́po mẹ́ta kí ẹ tó pín in sí méjìlá.

Ibi méjì lèèyàn ti máa ń ṣì í. Àkọ́kọ́ ni àjọ. Owó tó wà lọ́wọ́ alájọ kì í ṣe ìnáwó, owó yín ni. Tí ẹ bá kọ ọ́ mọ́ ohun tó jáde, Òṣogbo á dà bí ìlú tó wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Èkejì ni owó òde: aṣọ ẹbí, ìsọmọlórúkọ, òkú ìyá ọ̀rẹ́. Ọ̀pọ̀ kì í kọ ọ́ rárá, wọ́n á ní kì í ṣe oṣooṣù. Ẹ ka ti ọdún tó kọjá pọ̀, kí ẹ pín òun náà sí méjìlá. Tí ẹ bá kó lọ, òde wọ̀nyí kò ní dín kù. Owó ọkọ̀ àti ibi tí ẹ ó sùn ló máa gun orí rẹ̀.

Ohun tó ń jẹ èrè ẹ̀yìn ìlú

Owó ilé lẹ́yìn ìlú sábà máa ń dín sí ti Òkè-Fìà àti Ògo-Olúwa, àyè sì máa ń wà nínú ilé. Ohun tó ń jẹ èrè yẹn ni ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, láti títì dé ẹnu ọ̀nà yín. Ká ní kìlómítà méjì ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọlọ́kadà á gba ₦300. Tí òjò bá rọ̀, tí ẹrẹ̀ bá yọ, ẹni kan náà á ní ₦500, tàbí kó ní òun kò wọ inú ibẹ̀ yẹn. Tó bá ti di aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́, ẹ lè má rí ọlọ́kadà kankan, ẹsẹ̀ lẹ ó sì fi rìn ín. Nítorí náà, ẹ má fi owó ọ̀kadà oṣù kejì ṣírò gbogbo ọdún. Láti oṣù kẹrin títí dé ìkẹwàá ni òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ fi owó ìgbà òjò ṣírò oṣù méje, kí ẹ fi ti ẹ̀ẹ̀rùn ṣírò márùn-ún tó kù.

Ìgbà mẹ́ta ló yẹ kí ẹ lọ wo ilé kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ lọ ní àárọ̀ Mọ́ńdè ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé náà bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, kí ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú títí ẹ ó fi rí ọkọ̀ tó láyè. Ẹ padà lọ ní ọjọ́ kejì òjò ńlá, kí ẹ wo ibi tí omi dúró sí àti ilà tí àgbàrá fi sára ògiri. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ lọ ní alẹ́ Sátidé ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Ẹ ó gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ta ló ń dún àti gbohùngbohùn ta ló kọjú sí fèrèsé yín. Àárín ọjọ́ ni àwọn ajẹ́ntì fẹ́ràn láti múni lọ wolé, kò sì sí ohun tí àárín ọjọ́ lè fi hàn yín.

Ọ̀rọ̀ omi gba kí a dúró díẹ̀. Àpáta líle ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀. Omi kì í tẹ́ sílẹ̀ káàkiri lábẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí àpáta ti sán tàbí tó ti rọ̀ ló máa ń gbà. Ìdí nìyẹn tí kànga ilé kan fi máa ń lómi ní oṣù kẹta tí ti aládùúgbò rẹ̀ á gbẹ fúláú. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò lẹ ń wálé, kànga tó kún kò jẹ́rìí ohunkóhun. Okùn korobá tí wọ́n fi ń fa omi ni kí ẹ wò. Tí okùn náà bá gùn, tó jẹ́ pé ìwọ̀nba apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló tutù, tí wọ́n sì ká ìyókù jọ sí ẹ̀gbẹ́ kànga, ohun tó ń sọ ni pé omi máa ń lọ sísàlẹ̀ gan-an nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bi ìyá tó ń fọ aṣọ nílé kejì, kì í ṣe ajẹ́ntì: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ní Fẹ́búárì sí Máàṣì, níbo lẹ ti ń pọnmi?" Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń ra omi, ẹ béèrè iye tí àgbá kan jẹ́, kí ẹ kọ ọ́ mọ́ ìṣirò oṣù mẹ́ta. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san owó fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tí kò lómi, àwọn agbẹ́-kànga kì í dá owó padà.

Ní ti iná, Òṣogbo ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí iná wà ní ojúlé yín. Ohun tó ṣe pàtàkì ni báńdì tí láìnì yín wà. Báńdì A ni wọ́n ní yóò máa rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, B, 16, C, 12, D, 8, E, 4. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni owó Báńdì A ti fò kúrò ní ₦68 sí ₦225 lórí yúnìtì kan. Wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àmọ́ kò sọ̀ kalẹ̀ tó ₦200. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni ní báńdì tó jẹ́. Ẹ ní kí ayálégbé tó wà níbẹ̀ fi rìsíìtì tókìnnì tó rà kẹ́yìn hàn yín, kí ẹ pín owó iná orí rẹ̀ sí iye yúnìtì. Tó bá lé ní ₦200, Báńdì A ni. Ìdílé tó ń lo yúnìtì 150 lóṣù yóò san bíi ₦31,000 níbẹ̀. Lórí láìnì tí yúnìtì rẹ̀ jẹ́ ₦65, bíi ₦9,750 ni, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi epo jẹnẹrétọ̀ kún un. Ẹ tún wò ó lórí rìsíìtì yẹn bóyá wọ́n ń yọ gbèsè àtijọ́. Mítà lè jogún gbèsè ẹni tó kó jáde, ọrùn yín ni yóò sì bọ́ sí.

Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láti ilé lè má nílò láti kó lọ sí ibì kankan, ẹ̀yìn Òṣogbo sì dára fún un tó bá yanjú iná. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, fáànù kan, gílóòbù márùn-ún àti ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì kì í ju nǹkan bíi wáàtì 165 lọ. Bátìrì onómi 12V, 200Ah, gba 2,400 wáàtì-wákàtí, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ péré ló yẹ kí ẹ lò kó má baà tètè kú. Ìyẹn á gbé yín fún wákàtí méje. Ohun tó ń ba irú ètò yìí jẹ́ ni áyọ́ọ̀nù àti fíríìjì tí ẹnìkan so mọ́ ọn lẹ́yìn oṣù méjì. Kí síìmù méjì ti ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ dán wọn wò nínú yàrá, kì í ṣe lójú títì.

Ohun kan tí kì í hàn sí àlejò: Òkinni, Ọ̀fàtẹ̀dó àti Ìdó-Ọ̀ṣun wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dọrẹ, Abẹ́rẹ́ àti Owódé wà lábẹ́ Àríwá Ẹdẹ. Gbogbo wa ń pè é ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n tó bá kan owó ìjọba ìbílẹ̀, ilé ìwòsàn alábọ́dé tàbí ìwé ilẹ̀, ibẹ̀ lẹ ó lọ. Ẹ béèrè iye tí ẹgbẹ́ onílé ń gbà fún ọlọ́dẹ, òpó iná àti títún ọ̀nà ṣe. Ní àdúgbò tuntun, owó tíransífọ́mà lè dé láìròtẹ́lẹ̀, ayálégbé náà á sì dá nínú rẹ̀.

Ìṣirò méjì lórí tábìlì kan

Ká ní tọkọtaya kan wà pẹ̀lú ọmọ méjì ní Òkinni. Owó tó ń wọlé lẹ́yìn owó-orí jẹ́ ₦180,000. Owó ilé ₦300,000 lọ́dún, ìyẹn ₦25,000 lóṣù. Ọ̀kadà àti ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Abẹ́rẹ́, ₦700 ní àlọ, ₦1,400 lálọ-àbọ̀, ọjọ́ iṣẹ́ 22: ₦30,800. Iná ₦10,000, omi ₦4,000, oúnjẹ àti gáàsì ₦70,000, owó ọlọ́dẹ ₦2,000. Ilé-ẹ̀kọ́ ₦45,000 fún ọmọ kan ní táàmù kan; fún ọmọ méjì, ó jẹ́ ₦22,500 lóṣù. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦164,300. Ohun tó ṣẹ́ kù, ₦15,700. Kò pọ̀, àmọ́ ó ṣẹ́ kù.

Iṣẹ́ wá dé ní Ìkẹjà: ₦300,000 lẹ́yìn owó-orí. Wọ́n rí fúláàtì oníyàrá méjì ní Ìkòròdú, ₦900,000 lọ́dún, ₦75,000 lóṣù. Ọkọ̀ mẹ́ta ní àlọ, ₦2,000. Lálọ-àbọ̀ fún ọjọ́ 22, ₦88,000. Iná ₦20,000, omi ₦6,000, oúnjẹ àti gáàsì ₦100,000, ilé-ẹ̀kọ́ ₦80,000 fún ọmọ kan ní táàmù kan, ìyẹn ₦40,000 lóṣù. Ọlọ́dẹ àti ìdọ̀tí, ₦4,000. Màmá àgbà tó máa ń gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní aago méjì ti wà ní Òṣogbo. Ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn títí di alẹ́ gba ₦15,000 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ₦30,000. Pípadà wá sí Òṣogbo lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún fún èèyàn mẹ́rin, ₦9,000 ní àlọ, ₦9,000 ní àbọ̀, bá a dé ₦12,000 lóṣù. Àpapọ̀: ₦375,000. Owó oṣù tó fi ₦120,000 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ti di gbèsè ₦75,000 lóṣooṣù.

Ẹ wo ibi tí owó náà gbà jáde. Owó ọkọ̀ ju owó ilé lọ. Nítorí náà, ẹni tó sá fún ilé ₦1,300,000 nítòsí ibi iṣẹ́ lọ sí ti ₦900,000 níbi jíjìn lè má tíì jèrè nǹkan kan. ₦400,000 tó fi yàtọ̀ jẹ́ ₦33,300 lóṣù. Tí ilé tó sún mọ́ ibi iṣẹ́ bá sọ ₦88,000 owó ọkọ̀ di ₦25,000, ilé tó wọ́n yẹn gan-an ló máa dín ìnáwó kù jù. Láti ọdún 2024 ni ọkọ̀ ojú irin pupa ti ń gbé èrò láti Agbádó gba Agége, Ìkẹjà àti Oshodi lọ sí Oyíngbò. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wà lójú ọ̀nà yẹn lè wálé sí ẹ̀bá ibùdókọ̀ kan, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ wo àkókò tí ọkọ̀ àárọ̀ ń gbéra àti ti ìkẹyìn lálẹ́.

Owó ìkólọ wá dá dúró lọ́tọ̀. Àgírímẹ́ńtì ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ₦90,000. Ti ajẹ́ntì bẹ́ẹ̀ náà, ₦90,000. Owó kọ́ṣọ̀n ₦100,000, tí ẹ kọ sílẹ̀ bí owó tó ti lọ, torí àwọn tó rí i gbà padà kò pọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù àti àwọn tó ń gbé ẹrù ₦230,000. Kọ́kọ́rọ́ tuntun, kíkùn ilé àti àtúnṣe, ₦100,000. Gbogbo rẹ̀ ₦610,000. Owó ilé ọdún kan kò sí nínú rẹ̀, torí a ti ká a lóṣooṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ ní in lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan náà. Tí ẹ bá fún ìkólọ náà ní ọdún méjì láti gba ara rẹ̀ padà, ₦25,400 lóṣù ni. Kí ìdílé yìí tó lè rí ₦15,700 tó ń rí ní Òṣogbo tẹ́lẹ̀, owó oṣù tuntun gbọ́dọ̀ tó ₦416,100. Iye yìí ni kí ẹ gbé lọ síbi ìdúnàádúrà. Ẹni tó bá lọ sọ fún ilé-iṣẹ́ pé òun fẹ́ "àfikún díẹ̀", díẹ̀ náà ni wọ́n á fún un.

Ọjà máa ń ṣi èèyàn lọ́nà gan-an nínú ìṣirò yìí. Kọ́ńgò la fi ń ta gàrí àti ẹ̀wà ní Igbọ̀nà àti Olúọdẹ. L'Ékòó, pẹ́ńtì àti dẹ̀ríkà lẹ ó máa bá pàdé. Ẹni tó bá fi owó kọ́ńgò wé owó dẹ̀ríkà ń fi ohun méjì tí kò dọ́gba wéra. Kódà kọ́ńgò sí kọ́ńgò yàtọ̀: ìyàwó kan á bu ú kún kó ga bí òkìtì, òmíràn á fi ọwọ́ gé e. Ẹ ra ohun kan náà níbi méjèèjì, kí ẹ gbé e sórí ìwọ̀n, kí ẹ ṣírò iye tí kílò kan jẹ́. Ohun mẹ́fà ti tó: ìrẹsì, gàrí, ẹ̀wà, epo pupa, iṣu àti tòmátò. Ohun tí ẹ ń rí láti oko ẹbí láìsan owó, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀fọ́, ẹ kọ iye tó jẹ́ lọ́jà sí ìhà tí ẹ fẹ́ kó lọ.

Wákàtí náà lówó. Ká ní ìṣẹ́jú 50 ni láti Òkinni dé Abẹ́rẹ́. Lálọ-àbọ̀ fún ọjọ́ 22, bíi wákàtí 37. Wákàtí méjì ààbọ̀ láti Ìkòròdú dé Ìkẹjà lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá dí, lálọ-àbọ̀, jẹ́ wákàtí 110. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ kan ààbọ̀ lọ lóṣooṣù. Ẹni tó ń ránṣọ tàbí tó ń kọ́ ọmọ lẹ́sìnnì lálẹ́ ní Òṣogbo yóò pàdánù owó yẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èrò tiwa ni pé ẹni tí kò tíì gbéyàwó, tó lè bá ẹlòmíràn pín yàrá ní ẹ̀bá ibi iṣẹ́, lè lọ bí owó oṣù tuntun bá fi ìdajì ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ní ọmọ méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ lọ lórí ohun tí kò tó ìlọ́po méjì, àyàfi tí ilé-iṣẹ́ bá fún un nílé tàbí ọkọ̀.

Kì í ṣe Èkó tàbí Òṣogbo nìkan

Ìbàdàn kò tó 100 kìlómítà sí wa, owó ilé ní Àkóbọ̀, Apẹ̀tẹ́ tàbí Mòníyà sì rọjú ju ti Èkó. Láti Mòníyà ni ọkọ̀ ojú irin ti ń lọ sí Èkó, nítorí náà ẹni tí iṣẹ́ Èkó rẹ̀ kò ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ lọ́sẹ̀ lè gbé Ìbàdàn. Mowé àti Ìbafò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wà fún ẹni tó fẹ́ Èkó láìsan owó ilé Èkó. Ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni yóò pinnu bóyá ó rọgbọ, ẹ lọ dán an wò ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan náà.

Àwọn mìíràn máa ń fi ìdílé sílẹ̀ ní Òṣogbo, kí ọ̀kan nínú wọn máa lọ Ìbàdàn ní Mọ́ńdè, kó padà ní Fúráìdè. Ó lè dára fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa ṣá: ká ní yàrá kan ₦350,000 lọ́dún, ₦29,200 lóṣù, ọkọ̀ ₦3,500 ní àlọ, ₦28,000 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìkòkò méjì lórí iná méjì. Ohun tó ń bà á jẹ́ kì í ṣe owó. Ó máa ń di ọ̀sẹ̀ méjì-méjì kó tó dé, kó tó di oṣù kan.

Ìwé, ọmọ àti òfin

Àsìkò tó dára jù fún ìkólọ ni ìsinmi gígùn, oṣù keje sí ìkẹsàn-án. Ẹ má gbé ọmọ tó wà ní SS3 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún WAEC. Ilé-ẹ̀kọ́ tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló ti máa jókòó ṣe é. Ẹ kúkú jẹ́ kó dúró lọ́dọ̀ ẹbí títí yóò fi parí. Fún ọmọ tó kéré, ẹ gba ìwé ìkúrò àti káàdì èsì táàmù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn kí ẹ tó jáde. Fífi fóònù bẹ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ láti Èkó máa ń pẹ́. Ìwé ìbílẹ̀ Ọ̀ṣun yín kò yí padà; ẹ gba ti àwọn ọmọ sílẹ̀, torí pé owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìpínlẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀ fún ọmọ ìbílẹ̀ àti ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀.

Ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé ló ń gba owó-orí owó oṣù yín. Ẹni tó ń gbé Mowé, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ti Ògùn ni. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, òfin owó-orí tuntun gba ayálégbé láyè láti yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé ọdún kan, tí kò ní ju ₦500,000 lọ, kúrò nínú owó tí wọ́n ń ṣírò owó-orí lé lórí. Lórí ilé ₦900,000, ₦180,000 ni ẹ ó yọ, èyí tó lè dín owó-orí kù ní bíi ₦27,000 sí ₦32,400 lọ́dún, bí owó tó ń wọlé bá ṣe pọ̀ tó. Rìsíìtì tó ní orúkọ yín lẹ ó fi gbà á, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Owó ìfẹ̀yìntì yín tó wà lọ́wọ́ PFA, ilé-iṣẹ́ tó ń bá yín tọ́jú rẹ̀, ń bá yín lọ pẹ̀lú nọ́ńbà PIN kan náà. Ẹ fún agbanisíṣẹ́ tuntun ní nọ́ńbà yẹn, ẹ má ṣí òmíràn. Ètò ìbánigbófò ìlera Ọ̀ṣun, O'HIS, ti ìpínlẹ̀ yìí ni. L'Ékòó, Ìlera Èkó ni, ẹ ó sì forúkọ sílẹ̀ tuntun. Ẹni tó ń gba oògùn ìfúnpá tàbí ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ ra ti oṣù méjì sílẹ̀ kí àlàfo má baà wà.

Òfin ilé gbígbé Èkó ti ọdún 2011 kò fàyè gba onílé láti béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ìwé ìkìlọ̀ fún ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ jẹ́ oṣù mẹ́fà, bí àgírímẹ́ńtì kò bá sọ ohun mìíràn; ẹ ka ojú ewé yẹn kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Òfin náà kò kan Apapa, GRA Ìkẹjà, Ikoyi àti Victoria Island. Ẹ san owó ilé sí àkáǹtì tó ní orúkọ onílé, kì í ṣe ti ajẹ́ntì. Ẹ bá ayálégbé kan nínú ọgbà náà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó san, kí ẹ béèrè orúkọ onílé lọ́wọ́ rẹ̀; tí orúkọ rẹ̀ kò bá bá ti orí ìwé mu, ẹ dá ọwọ́ dúró.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ìdánwò, kí ọkọ̀ tó dé

Kí ẹnìkan ṣáájú lọ, kó gbé lọ́dọ̀ ẹbí tàbí kó gba yàrá oṣù kan, kó máa lọ síbi iṣẹ́ láti àdúgbò tí ẹ fẹ́ yálé sí gan-an. Kó máa kọ ìwé ìnáwó bí ẹ ṣe kọ ti Òṣogbo. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé, ẹ fi ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ má fi ilé Òṣogbo sílẹ̀, ẹ má ta fíríìjì, ẹ má sì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí lẹ́tà iṣẹ́ tuntun kò bá tíì wà lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ní ọdún púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ kejì, torí ẹni tó kọ̀wé fi sílẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti ìpele ìsàlẹ̀.

Tó bá wá di pé ẹ ń lọ, ọkọ̀ tó já ọjà láti Èkó sí Òṣogbo tó ń padà lófìfo máa ń gba owó tó dín sí ti èyí tí ẹ pè wá láti ilé. Ẹ bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń já ọjà, ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Kí ẹ dá iye gbogbo rẹ̀ kí ẹrù kankan tó wọ ọkọ̀, pẹ̀lú owó àwọn tó ń gbé e ní Èkó àti owó ojú ọ̀nà, torí ìjà máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sọ ẹrù. Sílíńdà gáàsì gbọ́dọ̀ ṣófo. Fíríìjì gbọ́dọ̀ dúró, kì í sùn. Tí ẹ bá sì sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ fún un ní wákàtí mẹ́rin kí ẹ tó so ó mọ́ iná. Ìwé ẹ̀rí, ìwé ìbí àti oògùn kì í wọ ọkọ̀ ẹrù, ọwọ́ yín ni kí ó wà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń jáde, ẹ ya fọ́tò ojú mítà, ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀rọ omi, kí onílé fọwọ́ sí ìwé pé ẹ kò jẹ òun ní gbèsè, kí ẹ tó kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.